Àpótí Tó Ń Béèrè Orúkọ Lẹ́nu Ọ̀nà Wa

Mi ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni tí wọ́n bí sílé ọkọ mi kí n tó débẹ̀. Ẹ má bínú sí mi. Ìyàwó ilé ni mí, ìyàwó kì í sì í pe orúkọ àwọn ọkọ rẹ̀. Orúkọ tí èmi fúnra mi fún wọn ni mo máa fi pè wọ́n fún yín. Tí ẹ bá kà á dé ìdí, ẹ máa rí i pé ọ̀rọ̀ orúkọ yìí gan-an ló fẹ́ẹ̀ lé mi padà sí Iléṣà pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn.

Títílayọ̀ lorúkọ tèmi. Ìyẹn, mo lè dá a. Iṣẹ́ téléfóònù ni mo ń ṣe ní ọ́fíìsì kan ní Màrínà. Èmi ni mo ń gbé e, èmi ni mo ń so ó mọ́ ẹni tí wọ́n bá fẹ́ bá sọ̀rọ̀. "Ta ni mo ń bá sọ̀rọ̀ o?" Gbólóhùn yẹn ti wọ̀ mí lẹ́nu débi pé nígbà tí mo ń rọbí Ganiat, tí nọ́ọ̀sì wọlé, ohun tí mo fi kí i nìyẹn.

Nígbà tí Bàbá Ganiat mú mi wá sí Ìdúmàgbò, ilé wọn gbóná. "Ìjẹ̀ṣà? Onígbàgbọ́? Gbogbo obìnrin Èkó ti tán ni?" Wọ́n pa ilẹ̀kùn dé, ilẹ̀kùn tí wọn kì í pa dé. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ló dìde, ó ṣí i fúnra rẹ̀, ó bu omi sí mi lẹ́sẹ̀, ó ní, "Ẹ jẹ́ kó wọlé. Ẹni tó bá fẹ́ lé e, kó kọ́kọ́ lé mi." Eyín rẹ̀ funfun báláú, ìdí nìyẹn tí mo fi sọ ọ́ ní Eyínfúnjowó. Ẹ rántí omi yẹn o. Èmi ni mo gbàgbé.

Ọdún tó kọjá, ọdún tó tẹ̀lé ọdún FESTAC, lọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Ilé olókè nilé wa, ìsọ̀ wà nísàlẹ̀, àwa ń gbé lókè. Ẹnu ọ̀nà wa kò ní kọ́kọ́rọ́ rí. Àwọn oníbàárà á gòkè wá lo ilé ìyàgbẹ́, wọ́n á kí wa, wọ́n á lọ. Kò sẹ́ni tó kà á sí.

Ní ààwẹ̀ ọdún yẹn, ọkùnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í bá wa ṣínu. Ọkùnrin jẹ́jẹ́, tó ń dé fìlà aláwọ̀ ewé. Àlájì, bàbá ọkọ mi, rò pé oníbàárà Gbajúmọ̀ ni. Gbajúmọ̀, àbúrò ọkọ mi tó ń ta léèsì nísàlẹ̀, rò pé ọmọ kéwú Àlájì ni. Èmi rò pé ẹbí ni, mo máa ń kúnlẹ̀ kí i, mo sì máa ń bu ẹran tó tóbi fún un. Gbogbo ààwẹ̀ ló fi jẹ mọ́ínmọ́ín wa. Lọ́jọ́ ìtúnu, Àlájì fún un ní aṣọ tuntun, ó ṣàdúrà fún wa títí, ó lọ.

Ìgbà tó lọ tán ni Àlájì tó bi wá léèrè. "Bọ̀dá yẹn, ọmọ ta ni gan-an?"

A ń wo ara wa. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n rí.

Kò jí abẹ́rẹ́ o. Ṣùgbọ́n ìtìjú yẹn dun Àlájì ju olè lọ. Ó ní, "Ó tó gẹ́ẹ́. A máa ṣe ilẹ̀kùn oníná, irú èyí táwọn báǹkì ń lò." Ó bá yíjú sí mi. "Ìyàwó, ìwọ lo mọ wáyà nínú ilé yìí. Bá wa wá èyí tó dáa."

Wáyà téléfóònù àti wáyà ilẹ̀kùn, bóyá ìyá kan náà ló bí wọn, bóyá bẹ́ẹ̀ kọ́, mi ò mọ̀. Ó yẹ kí n sọ bẹ́ẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ fi sílẹ̀ fún mi, sà."

Mo wá ọmọkùnrin kan kàn tó ń ta irú ẹrù bẹ́ẹ̀, Fúnṣọ́ lorúkọ rẹ̀, ọmọ Ẹ̀gbá, tó ń so táì nínú oòrùn Èkó. Ó kó oríṣi mẹ́ta wá, ó tò wọ́n sórí tábìlì Àlájì. Gbogbo ẹbí pé jọ láti yan ọ̀kan.

Àkọ́kọ́ ni èyí tó ní bọ́tìnnì olónkà. Ẹ tẹ nọ́ńbà mẹ́rin, ilẹ̀kùn á ṣí. Gbogbo wọn fẹ́ràn rẹ̀, àfìgbà tó kan nọ́ńbà tí a máa lò. Àlájì ní ọdún tóun lọ Mẹ́kà ni. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí Àlájì, ní ọdún tí wọ́n bí òun ló yẹ, ṣùgbọ́n kò mọ ọdún náà. Wọ́n gbà fún Àlájì, Fúnṣọ́ so ó mọ́ ògiri kí a fi dán an wò. Bí Ìyá Àgbà ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ló ń kígbe rẹ̀ kó má baà gbàgbé. Kí oòrùn tó wọ̀, àwọn ọmọ àdúgbò ti ń fi ọdún Mẹ́kà Àlájì kọrin, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ sí i.

Ìkejì ni káàdì pélébé tí wọ́n ń kì bọ ihò ara ògiri. "Káàdì kan fún ẹnì kan," Fúnṣọ́ wí.

Ìyá Àgbà ní, "Bí mo bá kú, ta ni yóò jogún tèmi?"

Yéè! Ọ̀rọ̀ bẹ́ sílẹ̀. Àwọn ọmọ ìyàwó àgbà Àlájì ní tàwọn ni. Àwọn ọmọ ìyàwó kékeré ní wọn ò ní fi káàdì rẹ́ àwọn jẹ bí wọ́n ṣe fi ilẹ̀ Ẹ̀pẹ́ rẹ́ àwọn jẹ. Ẹnì kan ní kí wọ́n gé e sí méjì. Ìyá Àgbà jókòó, ó ń wò wọ́n láti apá ọ̀tún dé apá òsì. "Mi ò mà tíì kú o!" Wọn ò gbọ́ ọ.

Gbajúmọ̀ ní òun rí ọ̀nà. "Ẹ jẹ́ ká ṣe é bí ìjọba ṣe ṣe mọ́tò, tó ní kí nọ́ńbà kan jáde lónìí, kí òmíràn jáde lọ́la. Ọmọ ìyàwó àgbà, Mọ́ńdè. Ọmọ ìyàwó kékeré, Túsìdeè. Kálukú ní ọjọ́ tó ń wọlé."

Àlájì bi í pé, "Èmi tí mo bí gbogbo yín ńkọ́?"

"Ẹ̀yin lẹ ni Sọ́ńdè, Bàbá."

Ìkẹta wá ni àpótí. Ọ̀kan wà lára ògiri ìsàlẹ̀, ọ̀kan wà lókè. Ẹni tó bá dé á tẹ̀ ẹ́, ti òkè á han. Ẹni tó wà lókè á tẹ bọ́tìnnì funfun mọ́lẹ̀, á bi í pé ta ni, á jọ̀wọ́ rẹ̀, á gbọ́ èsì. Bó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, á tẹ pupa, kọ́kọ́rọ́ ìsàlẹ̀ á já fúnra rẹ̀. Fúnṣọ́ fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Mádàámù, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé pẹ̀lú ọmọ tuntun lẹ máa wà nídìí ẹ̀. Ẹni tẹ́ ẹ bá fẹ́ rí, ẹ tẹ pupa. Ẹni tẹ́ ò bá fẹ́ rí..." Ó rẹ́rìn-ín, ó tún táì rẹ̀ ṣe.

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára ṣinṣin.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń ṣe mí. Adéníji Adélé ni Eyínfúnjowó ń gbé pẹ̀lú ọkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n òwú àti bọ́tìnnì aṣọ ló ń tà ní Ìdúmàgbò, abẹ́ àtẹ̀gùn wa ló ń kó ẹrù rẹ̀ sí. Gbogbo àárọ̀ ló ń wá. Kò ní kan ilẹ̀kùn. Mo lè wà nínú balùwẹ̀, mo lè wà lórí ọkọ mi, á wọlé. Ìkòkò ọbẹ̀ mi ló kọ́kọ́ ń lọ bá. Á ṣí i, á tọ́ ọ wò. "Ìyàwó, iyọ̀ kò tó." Lójoojúmọ́! Mo bu iyọ̀ títí, mo fi iyọ̀ ṣe ọbẹ̀ tí Bàbá Ganiat mu omi odidi kete lé lórí, obìnrin yìí tọ́ ọ wò, ó ní, "Ó ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀." Inú bí mi lọ́jọ́ yẹn, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bú sẹ́kún.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ti àpótí lẹ́yìn. Mo ní, "Àlájì, káàdì á sọnù, nọ́ńbà ti di orin. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá máa wọlé, kó dárúkọ rẹ̀. Ohun tá à ń ṣe níbi iṣẹ́ wa nìyẹn."

Àlájì ní, "O káre. Kí kálukú dárúkọ kó tó wọlé. Bọ̀dá oníṣínu kò ní í rí wa gbé mọ́."

Gbogbo wọn ṣe àmín. Kò sẹ́ni tó rò ó dé ibi tí mo rò ó dé. Èmi ìyàwó, mi ò gbọdọ̀ pe orúkọ wọn. Àwọn náà, ta ni nínú wọn tó máa dúró níta, tó máa ka orúkọ ara rẹ̀ fún ìyàwó ilé bí ọmọ iléèwé? Mo sì mọ Eyínfúnjowó. Ó lè kú kó tó ṣe é. Mo mọ̀ ọ́n, mo sì dákẹ́, mo ń fún ọmọ lọ́mú.

Nítorí ariwo ọjà, Fúnṣọ́ so sípíkà ẹlẹ́nu gbàgà mọ́ òkè ilẹ̀kùn, irú ti mọ́sálásí. Ó ní kí ẹni tó wà nísàlẹ̀ lè gbọ́ mi dáadáa. Ẹ rántí sípíkà yẹn náà.

Gbajúmọ̀ ló kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́.

"Ta ni o?"

"Èmi ni."

"Ẹ̀yin ta ni, ọkọ mi?"

"Èmi náà ni."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárúkọ. Òfin Àlájì ni."

"Kí n dárúkọ mi fún ta? Fún ìwọ? Ṣé orí ẹ pé, ìyàwó?"

Ó dúró, mo dúró. Màálàmù kan wà tó ń rán bàtà lẹ́nu ọ̀nà wa, Ṣéhù lorúkọ rẹ̀. Kì í ṣe ọkọ mi, mo lè pè é. Àánú ṣe é, ó na ọrùn sí àpótí, ó pe orúkọ Gbajúmọ̀ ketekete. Mo tẹ pupa.

Ọ̀sán ọjọ́ kejì, àpótí tún dún. "Ta ni o?" Ẹnì kan wúkọ́. Ìyá Àgbà tó jókòó tì mí ní, "Ọmọ mi nìyẹn!" Èmi náà mọ ikọ́ Àlájì, ta ni kò mọ̀ ọ́n? Ṣùgbọ́n bí mo bá ṣí i fún ikọ́, Eyínfúnjowó náà á wá wúkọ́ lọ́la. Mo tún béèrè. Àlájì tún wúkọ́. Ó wà nínú oòrùn, ó ṣí agbòòrùn, ó wo òkè, ó wo ilẹ̀.

Ṣéhù pariwo pé, "Bàbá onílé ni, mádàámù!"

"Orúkọ ni, Ṣéhù."

Mo gbọ́ tó sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. "Àlájì, ẹ forí jì mí." Ó bá pe orúkọ náà. Àlájì gòkè wá, òógùn ti rin jálámíà rẹ̀. Mo ti kúnlẹ̀ tán nínú ọkàn mi, kí n tó gbọ́ tó ní, "Àpótí yìí dáa. Èmi tí mo ni ilé gan-an kò rọ́nà wọlé, áńbọ̀sìbọ́sí olè."

Láti ọjọ́ náà, Ṣéhù di apeorúkọ ilé wa. Bí ọkọ mi kan bá dé, á fún un ní obì, òun á na ọrùn sí àpótí. Bàtà àwọn ènìyàn ń ga lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò rán ọ̀kan. Bó bá lọ kírun, àwọn ọkọ mi á tò síta, wọ́n á máa dúró dè é. Àwọn ará ọjà ń bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń pín nínú ilé wa.

Àárọ̀ ọjọ́ tí Eyínfúnjowó dé, mo mọ̀ pé òun ni kó tó sọ̀rọ̀, torí ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ilẹ̀kùn, kò tẹ nǹkan kan. Ṣéhù ló bá a tẹ̀ ẹ́.

"Ta ni o?"

"Ìyàwó, wá ṣílẹ̀kùn."

"Ta ni o, mà?"

Ṣéhù la ẹnu, mo gbọ́ tó pa á mọ́ ọn lẹ́nu. "Dákẹ́. Kò sẹ́ni tó máa dárúkọ mi fún ìyàwó tí mo fọwọ́ ara mi mú wọlé."

Ó jókòó lórí àga Ṣéhù. Mò ń gbọ́ èémí rẹ̀ nínú àpótí. Ìka mi wà lórí bọ́tìnnì pupa, ẹ̀yin èèyàn mi, ìka mi wà lórí rẹ̀! Mo gbé e kúrò. Ó jókòó títí, ó lọ sọ́jà lọ́wọ́ òfo, ẹrù rẹ̀ wà lábẹ́ àtẹ̀gùn wa. Mo ti kìlọ̀ fún gbogbo ilé pé ẹni tó bá ń jáde kó fa ilẹ̀kùn dé kíá, kí àlejò má baà bá a wọlé. Ó wá lọ́jọ́ kejì, bákan náà ni. Lẹ́yìn ìyẹn, kò wá mọ́.

Bàbá Ganiat ní, "Mi ò rí ẹ̀gbọ́n mi mọ́. Ṣé kò sí nǹkan?"

Mo ní, "Bóyá ọjà ló dí wọn lọ́wọ́."

Mo purọ́, mo sì jẹ ọbẹ̀ mi ní ìrọ̀rùn. Iyọ̀ tó, kò tó, ta ló kàn?

Ọjọ́ Jímọ̀ ni Mojísọ́lá, ọ̀rẹ́ mi níbi iṣẹ́, wá kí ọmọ. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ ìlédìí Ganiat. Okùn aṣọ ti kún, mo bá fi ìlédìí kan kọ́ àpótí. Omi ṣì wà lára rẹ̀, ó wúwo, ó sì tẹ bọ́tìnnì funfun mọ́lẹ̀ pátápátá. Mi ò wo ibẹ̀. Mo jókòó, mo na ẹsẹ̀, mo ń bá ọ̀rẹ́ mi ṣàròyé.

"Ìwọ yìí gbọ́n o," ni Mojísọ́lá wí. "Báwo lo ṣe mú kí wọ́n yan èyí?"

"Wọ́n rò pé torí olè ni. Olè wo? Torí Eyínfúnjowó ni!" Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi di ìbàdí mú. "Mo mọ̀ pé kò ní í dárúkọ fún mi láyé. Agbéraga ni. Kó lọ máa tọ́ ọbẹ̀ tiẹ̀ wò."

"Àwọn àna rẹ ńkọ́, wọn ò bínú?"

"Wọn ò mọ nǹkan kan. O ò rí Àlájì níjọ́sí, tó ń wúkọ́ nínú oòrùn bí ewúrẹ́ tó jẹ ata? Mo fi wọ́n ṣe bọ́ọ̀lù gbá ni!"

Mo sọ púpọ̀ sí i. Mi ò lè kọ ọ́ síbí, inú yín ò ní í dùn sí mi. Nígbà tó yá, Ganiat tọ̀ sára, Mojísọ́lá dìde, ó mú ìlédìí yẹn kúrò lára àpótí láti wò ó bóyá ó ti gbẹ.

Àpótí pariwo. Odidi Ìdúmàgbò ló ń rẹ́rìn-ín nínú rẹ̀. Mo gbọ́ ọkùnrin kan tó ní, "Bí ewúrẹ́ tó jẹ ata! Yé è!" Ẹlòmíràn ní, "Ẹ dákẹ́, ẹ dákẹ́, Àlájì mà nìyí!" Ẹ̀rín náà dá wáí.

Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun Jímọ̀ tán ni. Àlájì àtàwọn àgbààgbà àdúgbò ló dúró lẹ́nu ọ̀nà wa. Ẹni tó jókòó sórí àga Ṣéhù, tó wá bẹ̀ ẹ́ kó bá òun gba ẹrù òun jáde, òun ni ẹni tí mo ń bú.

Àpótí dún. Orí mi ti fò lọ. Ẹnu mi sì ti mọ́ ọn lára, mo tẹ funfun, mo ní, "Ta ni o?"

Mo gbọ́ tó dìde kúrò lórí àga.

"Èmi Àdìjátù ni. Àdìjátù ọmọ Tìjání, tí wọ́n bí sínú ilé yìí. Èmi ni mo bu omi sí ọ lẹ́sẹ̀. Mo ti dárúkọ, ìyàwó. Jọ̀ọ́, ṣílẹ̀kùn fún mi."

Orúkọ náà nìyẹn. Ẹ̀yin náà ti gbọ́ ọ. Ẹnu tirẹ̀ ló ti jáde, kì í ṣe ẹnu mi.

Mo tẹ pupa. Mo gbọ́ tí kọ́kọ́rọ́ já. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu, kò sì sẹ́ni tó wọlé. Mo sáré sọ̀kalẹ̀ láìwọ bàtà. Gbogbo wọn dúró níta, wọ́n ń wò mí. Eyínfúnjowó ní kí Ṣéhù wọlé lọ gbé òwú òun wá. Kò gbé ẹsẹ̀ kan kọjá ẹnu ọ̀nà. Mo kúnlẹ̀, mo di ìró rẹ̀ mú, ó yọ ọ́ lọ́wọ́ mi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó lọ.

Kí Bàbá Ganiat tó ti ibi iṣẹ́ rẹ̀ ní Àpápá dé, ìròyìn ti pàdé rẹ̀ ní Ìdúmọ̀tà. Kò nà mí, kò bú mi. Ó wò mí, ó ní, "Ewúrẹ́ tó jẹ ata." Ó wọ yàrá. Ó sàn kó nà mí.

Ọjọ́ kejì ni wọ́n pe ìpàdé lórí mi. Gbajúmọ̀ ní kí n máa lọ sí Iléṣà, ìyàwó kékeré náà sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í wo àpótí aṣọ mi. Àlájì ní, "Ẹni tó mú un wọlé ni yóò mú un jáde. Ẹ pè é wá."

Eyínfúnjowó wá, ṣùgbọ́n ó ní òun ò ní í gòkè. Ó jókòó sórí àga Ṣéhù. Àlájì ní ọmọ kì í jókòó síta kí bàbá rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ wá bá a. Kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n fi àpótí ṣe ìpàdé! Èmi ọ̀daràn ni mo dúró tì í, tí mò ń tẹ bọ́tìnnì funfun fún wọn láti fi dá ẹjọ́ ara mi. Gbogbo ohun tí wọ́n sọ lókè, sípíkà kéde rẹ̀ fọ́jà. Àwọn ará ọjà sì ń dá sí i. Bí mo bá jọ̀wọ́ bọ́tìnnì, màá gbọ́ wọn. "Ẹ foríjì í, ẹ wo ọmọ tuntun!" "Irọ́ o, ẹ lé e!" Obìnrin kan ní kí wọ́n tún ti ewúrẹ́ sọ.

Àlájì tẹnu bọ àpótí. "Kí la máa ṣe fún un?"

Ohùn Eyínfúnjowó gòkè wá. "Kò níbi tó ń lọ. Bó bá lọ, ta ni yóò máa tẹ bọ́tìnnì fún yín? Ṣùgbọ́n ẹnu tó fi bi mí pé ta ni, kó má fi bi ẹnikẹ́ni mọ́ lẹ́nu ọ̀nà yìí. Ẹni tó bá ti ní 'èmi ni,' kó ṣílẹ̀kùn."

Mo sunkún, mo búra. Mo fi Bíbélì búra, Ìyá Àgbà ní kí n fi Àlùkùránì kún un, kó lè wọ̀ dáadáa.

Mo sì pa á mọ́! Àpótí bá dún, wọ́n bá ní "Èmi ni," mo ti tẹ pupa. Màá tún kúnlẹ̀ fún àpótí. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ohùn jẹ́jẹ́ kan ní, "Èmi ni o, ìyàwó wa." Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ káàbọ̀, sà." Mo tẹ pupa. Mo dúró, kò sẹ́ni tó gòkè. Nígbà tí mo sọ̀kalẹ̀, àpótí ìsàlẹ̀ ti lọ. Sípíkà ti lọ. Kọ́kọ́rọ́ oníná náà ti lọ, ihò rẹ̀ nìkan ló kù lára ilẹ̀kùn.

Mo ké sí Ṣéhù. "Ta ló tú u?"

"Wallahi, mádàámù, ó ní àtúnṣe lòun wá ṣe. Èmi ni mo bá a di àkàbà mú. Èèyàn dáadáa ni, ó ní kí n bá òun kí Àlájì. Ó dé fìlà aláwọ̀ ewé." Ṣéhù ronú díẹ̀. "Aṣọ ọrùn ẹ̀ tún jọ èyí tí Àlájì fún àlejò yín lọ́jọ́ ìtúnu."

Àlájì jókòó sílẹ̀ nígbà tó gbọ́. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ó kúkú dárúkọ. Ó ní òun ni." Ẹ̀rín bá mú Ìyá Àgbà, ó mú gbogbo wa, àní Bàbá Ganiat tí kò tíì bá mi rẹ́rìn-ín látọjọ́ náà.

Wọn ò ra òmíràn mọ́. Eyínfúnjowó ní òun rí ilẹ̀kùn tó dáa jù. Ó gbé àtẹ òwú àti bọ́tìnnì rẹ̀ wá sẹ́nu ọ̀nà wa gan-an, ó jókòó. Kò sí àlejò tó lè kọjá rẹ̀. Mo ti padà sẹ́nu iṣẹ́ ní Màrínà nígbà náà, mo ń gbé Ganiat sọ́dọ̀ obìnrin kan níbẹ̀ tó ń bá wa tọ́jú ọmọ. Ní ìrọ̀lẹ́ tí mo kọ́kọ́ dé, mo fẹ́ wọlé, ó na ẹsẹ̀ dí ọ̀nà.

"Ta ni?"

"Èmi ni, ọkọ mi."

"Ìwọ ta ni?"

Mo wo ojú rẹ̀, kò rẹ́rìn-ín. Àwọn ọlọ́jà ti dákẹ́, Ṣéhù ti gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀. Mo ní, "Èmi Títílayọ̀, ọmọ Iléṣà, ìyàwó ilé yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣílẹ̀kùn fún mi." Ó wá ká ẹsẹ̀ rẹ̀ kò.

Bó ṣe di ti gbogbo ìrọ̀lẹ́ nìyẹn. Òjò o, ẹ̀ẹ̀rùn o, mo ń dárúkọ. Àwọn oníbàárà a máa dúró gbọ́ ọ. Àwọn ọmọ tó ń fi ọdún Mẹ́kà Àlájì kọrin ti sọ tèmi náà di orin. Mi ò ṣàròyé fún ẹnikẹ́ni, ẹ̀ṣẹ̀ mi ni. Bí mo bá ń wọkọ̀ bọ̀ wálé, mo máa ń sọ ọ́ sínú kí n má baà ṣì í.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, òjò bá mi lójú ọ̀nà. Ganiat wà lẹ́yìn mi, báàgì wà lọ́wọ́, ẹja wà nínú ọ̀rá. Mo dúró níwájú rẹ̀, omi ń ṣàn lójú mi. Mo ní, "Èmi Títílayọ̀, ọmọ Ilé..."

Kò gbójú sókè níbi òwú tó ń ká. "Wọlé jàre, òjò ń pa ọmọ. Ta ni kò mọ̀ ọ́?"

Mo dúró síbẹ̀. Ó ká ẹsẹ̀ rẹ̀ kò, ó fún mi lọ́nà.

Nígbà tí mo dé orí àtẹ̀gùn, ó pè mí láti ìsàlẹ̀. "Ìyàwó! Mo ti tọ́ ọbẹ̀ rẹ wò. Iyọ̀ kò tó."

Mo sunkún dé òkè. Mo sì bu iyọ̀ sí i.